Ẹ Yéé Pariwo "Farabalẹ̀" Lé Wa Lórí

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Bí ìpayà bá mú akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú ọgbà yìí, tí àyà rẹ̀ ń lù, tí kò lè mí dáadáa, ẹ wo ohun tí à ń ṣe. Ẹnì kan á ní, "Farabalẹ̀ jàre!" Ẹnì kejì á da omi lé e lórí. Ẹnì kẹta á ti máa lé ẹ̀mí àìmọ́. Ẹnì kẹrin á yọ fóònù, á máa ya fídíò. Nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ta ló ràn án lọ́wọ́? Kò sí!

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Lọ́jọ́ ìdánwò kan, wọ́n pín ìbéèrè, mo wò ó, àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń sáré. Àyà mi ń lù kì-kì-kì. Ìka mi kú, ó ń gún mi bí abẹ́rẹ́. Mo ní ikú ti dé nìyí. Alábòójútó dúró tì mí, ó ní, "Ṣé o ò kàwé ni?" Mo kàwé o! Mo kà á débi pé oorun di àwátì. Mo bá dìde, mo sáré jáde.

Ta ló gbà mí? Ìyá tó ń gbálẹ̀ họ́ọ̀lù ni. Wọ́n jókòó tì mí lórí àtẹ̀gùn, wọ́n fi píọ̀ wọ́tà tútù sí mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bọ́ bàtà ẹ. Tẹ ilẹ̀. Ṣé ó tutù àbí ó gbóná?" Mo ní ó tutù. "Kí lò ń gbọ́?" Mo ní jẹnẹrétọ̀, mo ní ẹyẹ. "Ó dáa. Rọra mí síta." Kò tó ìṣẹ́jú 15 tí mo fi padà wọlé. Èsì mi ò dára tó bí mo ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n mo parí ìdánwò náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ewì, ẹ tẹ́tí sí èdè yín ná. "Ọkàn mi balẹ̀." "Ara mi balẹ̀." Ṣebí ilẹ̀ ló wà níbẹ̀ yẹn? Bí ẹyẹ ṣe ń balẹ̀ ni ọkàn ń balẹ̀. Nítorí náà, "farabalẹ̀" kì í ṣe àṣẹ tí ẹni tó dúró ń pa fún ẹni tó ṣubú. Iṣẹ́ ni, ara ló sì ń ṣe é.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ò ṣòro. Ara rò pé ewu dé, ó tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn ń sáré, èémí ń yára. Èémí tó yára jù yẹn ń kó carbon dioxide jáde ju bó ṣe yẹ lọ, òun ló ń jẹ́ kí òòyì kọ́ni, kí ìka sì kú. Ó sábà máa ń le jù láàárín ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Kí lo máa ṣe kó tó rọlẹ̀? Mí sínú dé ení-èjì-ẹ̀ta-ẹ̀rin, mí síta dé ẹẹ́fà. Tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Di ohun tútù mú. Ka nǹkan 5 tí ò ń rí, 4 tí ọwọ́ rẹ kàn, 3 tí ò ń gbọ́, 2 tí ò ń gbóòórùn rẹ̀, 1 tí ò ń tọ́ wò.

Wọ́n á ní àṣà òyìnbó ni. Irọ́! Ní Aro, l'Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954, Dókítà Adéoyè Lambo jẹ́ kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé nínú abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, ó sì bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́. Ó mọ̀ pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú ń fẹ́ ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àdúrà ńkọ́? Mi ò bá àdúrà jà. Ṣùgbọ́n jókòó, kí o gbà á jẹ́jẹ́. Àwọn tó ń sọ pé "ṣe bí ọkùnrin" ńkọ́? Ṣé ara ọkùnrin ò ní adrenaline ni?

Mi ò ní tàn yín o. Èyí kì í ṣe oògùn. Ó ń gbé ni kọjá odò ni, kì í gbẹ odò. Bí àyà bá ń dun ènìyàn, bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́, tàbí tó ní asthma tàbí fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ gbé e lọ sí kílíníìkì kíá. Bó bá sì ń padà wá ṣáá, kó lọ rí dókítà. Kò sí ìtìjú ńbẹ̀.

Ìdánwò ń bọ̀. Ẹnì kan nínú wa á tún sáré jáde. Má dúró lé e lórí. Jókòó sílẹ̀, bọ́ bàtà tìẹ náà, kí o bi í léèrè pé: ilẹ̀ tutù àbí ó gbóná?