Ẹ̀rọ Amúlétutù Tó Ń Da Omi: Ṣé Ó Ń Jò Ni, Àbí Ó Ń Làágùn?

Àwọn àgbà ní ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Bí a bá sì pe ohun kan ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, ìlò tí kò yẹ ni a ó lò ó. Omi tó ń jáde lára ẹ̀rọ amúlétutù inú ilé ni mo fẹ́ fi òwe yìí yẹ̀ wò lónìí. Bí omi bá ti kan ilẹ̀ báyìí, gbólóhùn kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wa máa ń sọ: "Eé-sì yìí ń jò." Èrò tèmi ni pé gbólóhùn yìí kò tó. Èdè wa ní àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tó sọ ọ́ yéni jù bẹ́ẹ̀ lọ, àìlò wọn sì ń ná wa lówó, ó sì ń ba ògiri ilé wa jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara orúkọ ẹ̀rọ náà. Amúlétutù ni ohun tó ń mú ilé tutù. Ṣùgbọ́n kí ni "tutù" túmọ̀ sí? Bí mo bá sọ pé omi tutù, ohun tí mo ń sọ ni pé kò gbóná. Bí mo bá sọ pé aṣọ tí mo sá ṣì tutù, ohun tí mo ń sọ ni pé kò tíì gbẹ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Yorùbá ń lò fún òtútù àti fún ọ̀rinrin. Àwọn kan lè rò pé àìtó ọ̀rọ̀ ló fà á. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Òtútù àti ọ̀rinrin a máa rìn pọ̀ ní tòótọ́. Ẹni tó bá ti lọ sí oko ní ìdájí mọ̀ pé ìgbà tí ilẹ̀ bá tutù ní òru ni ìrì ń sẹ̀ sórí koríko. Ìrì kì í rọ̀ láti ojú ọ̀run bí òjò. Inú afẹ́fẹ́ tó yí ewé ká ló ti ń wá. Afẹ́fẹ́ gbígbóná lè ru ọ̀pọ̀ omi tí ojú kò rí. Bí ó bá kan ohun tó tutù, agbára rẹ̀ a dín kù, a sì sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ amúlétutù. Páìpù bàbà tó tutù gidigidi wà nínú rẹ̀, fáànù rẹ̀ a sì máa fẹ́ afẹ́fẹ́ yàrá gba ara páìpù náà kọjá. Ìrì ló ń sẹ̀ níbẹ̀, ìbáà ṣe ọ̀sán, ìbáà ṣe òru. Ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ fi ojú inú wo àpótí afẹ́fẹ́ kan tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, mítà kan ní ìbú, mítà kan ní gíga. Bí ooru bá jẹ́ 30°C, omi tó lè wà nínú rẹ̀ kò lè ju nǹkan bí gíráàmù 30 lọ. Bí a bá mú un tutù dé 20°C, kò lè gbà ju nǹkan bí gíráàmù 17 mọ́. Ìyókù gbọ́dọ̀ di omi. Ní ìlú etí òkun bí Èkó, ẹ̀rọ yàrá kan lè fa omi tó lítà kan jáde láàárín wákàtí kan. Nítorí náà, pé omi ń ti ara ẹ̀rọ jáde kì í ṣe àìsàn. Ọ̀nà tí omi náà gbà ni ìbéèrè. Inú rọ́bà ló yẹ kó gbà lọ sí ìta. Bí ó bá yà sínú ilé, ọ̀ràn dé.

Ìtàn ẹ̀rọ náà pàápàá jẹ́rìí sí i. Ní ọdún 1902, ẹnjiníà ọmọ Amẹ́ríkà kan, Willis Carrier, ya àwòrán ẹ̀rọ irú èyí fún ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Sackett & Wilhelms ní Brooklyn, ní ìlú New York. Kì í ṣe nítorí pé ooru ń mú àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú kí ìwé wú, kó sì tún súnkì, tí àwọ̀ kan kì í fi í bọ́ sórí ìkejì déédéé. Fífa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n rán ẹ̀rọ náà.

Ẹ má ṣe fi èyí wé amù o. Ara amù ìyá àgbà a máa tutù nítorí pé omi inú rẹ̀ ń sun gba ara amọ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀rá omi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú jáde nínú fíríìjì, tí ẹ̀kán omi bo ara rẹ̀, kò lu níbì kankan. Inú afẹ́fẹ́ ni omi yẹn ti wá. Amù ń sun, ọ̀rá omi ń làágùn. Èdè wa ti ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kí ẹ̀rọ amúlétutù tó dé.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé irú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀ lọ síwájú ẹ̀rọ tó ń yọ wá lẹ́nu.

Bí omi bá ń ṣàn wálẹ̀ lójú ògiri nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, tí ẹnu rọ́bà ìta sì gbẹ, ọ̀nà omi ló dí. Eruku àti èérí tó ń yọ̀ a máa dí i, kòkòrò náà a sì máa kọ́lé sínú rẹ̀. Ó tún lè jẹ́ pé rọ́bà náà ká sókè níbì kan, tàbí pé wọ́n gbé ẹ̀rọ kọ́ tí kò dọ́gba. Omi kì í gun òkè. Yóò kún àwo tó ń gbà á, yóò sì ṣàn lé.

Bí ó bá ń làágùn, tí ẹ̀kán omi wẹ́wẹ́ ń yọ lára páìpù tó lọ sí ìta, fóòmù tí wọ́n fi wé páìpù náà ló ti ya. Kí a tún un wé ni, kò kan gáàsì.

Bí ó bá dì, tó sì tún yọ́, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ kò jáde dáadáa mọ́, yìnyín funfun bo páìpù inú, omi sì ń dà ṣàà lẹ́yìn tí a bá pa ẹ̀rọ. Ohun tó sábà máa ń fà á ni asẹ́ tí eruku ti dí. Gáàsì tó dín kù náà lè fà á, ṣùgbọ́n asẹ́ ni kí a kọ́kọ́ yọ, kí a fọ̀ ọ́, nítorí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Bí ó bá ń kán tó, tó, tó láti ojú kan ṣoṣo, ẹ wo àwo tó ń gba omi. Ó lè ti sán.

Ẹ tún kíyè sí ìgbà ọdún. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ a gbẹ, ẹ̀rọ kì í sì í rí omi púpọ̀ fà. Ẹni tí ògiri rẹ̀ gbẹ ní oṣù Kìíní lè máa dúpẹ́ pé ẹ̀rọ ti gbádùn. Àkọ́rọ̀ òjò ni yóò sọ òótọ́ fún un.

Mo mọ ilé kan ní Ìbàdàn tí wọ́n ti rọ gáàsì sí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́ta nítorí omi tó ń ba ògiri jẹ́. Ìyá onílé sọ pé "ó ń jò." Oníṣẹ́ gbọ́ "ó ń jò," ọkàn rẹ̀ lọ sí gáàsì, nítorí pé gáàsì náà a máa jò. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń sọ, ohun méjì ni wọ́n ní lọ́kàn. Oníṣẹ́ mìíràn tó dé lẹ́yìn ló béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ṣé omi ń jáde lẹ́nu rọ́bà ẹ̀yìn ilé?" Ìyá ní, "Rárá o, ọmọ mi, ó gbẹ táútáú." Ilé amọ̀ agbọ́n ni wọ́n bá nínú rọ́bà. Bẹ́ẹ̀ gáàsì kì í kán sílẹ̀ bí omi; bí ó bá jò, afẹ́fẹ́ ló ń bá lọ. Kì í sì í tán bí epo mọ́tò, nítorí inú páìpù tó dí pa ló ti ń yí ká. Ẹni tó bá ní gáàsì ti dín kù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ibi tó ti jò hàn wá, kó sì dí i, kí ó tó rọ òmíràn.

Ẹ̀yin tó ń fi fóònù ránṣẹ́ láìfi àmì ohùn sí i, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. "AC mi n jo." Báwo ni oníṣẹ́ yóò ṣe kà á? Ṣé ó ń jò, tí í ṣe ti omi? Tàbí ó ń jó, tí í ṣe ti iná? Àmì kékeré ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ nínú ìwé. Nínú ilé, omi tó bá kán sójú wáyà lè sọ jíjò di jíjó. Bí omi bá ti sún mọ́ ibi tí iná wà, ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì gé iná rẹ̀, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ ẹnu kì í tún ẹ̀rọ ṣe, àti pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìmọ̀ ẹ̀rọ. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ kò lè fọ rọ́bà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tún ẹ̀rọ yìí ṣe nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, Yorùbá ni ọ̀gá sì fi kọ́ wọn. Bí èdè ìkọ́ṣẹ́ náà bá ṣe mọ́ kedere tó ni ìmọ̀ wọn yóò ṣe mọ́ kedere tó. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ yòókù. Èdè tó kọ́ ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì kò lè ṣàìtó fún asẹ́ àti rọ́bà.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ tó jókòó ti tábìlì ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn oníṣẹ́, kí ẹ kọ èyí tí wọ́n ń sọ lójoojúmọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ìrì, ẹ fi ẹnu rọ́bà ẹ̀yìn ilé hàn án. Ẹ̀yin onílé, n kò ní kí ẹ má pe ẹ̀rọ yín ní eé-sì mọ́. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹ wo omi náà dáadáa kí ẹ tó pe oníṣẹ́: ṣé ó ń ṣàn ni, ó ń kán ni, ó ń làágùn ni, àbí ó dì tó wá ń yọ́? Ẹni tó bá lè dáhùn, oníṣẹ́ kò ní fi gáàsì tàn án jẹ.

Ó dìgbà kan ná. Kí ilé wa tutù, kí ògiri wa sì gbẹ o.