Ẹni Tó Ni Kọ́kọ́rọ́ Ni Kí Òfin Mú

Ẹni tó bá kó kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lọ́wọ́, òun ni kí òfin mú, kì í ṣe ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ àwọn òbí kan nínú ní Ajao Estate àti Okota ní Èkó, tí wọ́n ń rán ọmọ ọdún 16 níṣẹ́ pẹ̀lú mọ́tò. Kò ní dùn mọ́ olówó danfó ní Oshodi náà, tó rí i pé kọ̀ndọ́ àná ti di dírẹ́bà òní, tó sì ń gba owó dẹlífárì lọ́wọ́ rẹ̀ láì béèrè ọjọ́ orí. Kó má dùn.

Ọdún 18, ó kéré tán, ni òfin Nàìjíríà fi lélẹ̀ fún ẹni tó máa gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀. A máa ń sọ pé ọmọ ọdún 16 ń wakọ̀ ní Amẹ́ríkà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n so ó lókùn. Ní California, fún ọdún kan gbáko lẹ́yìn tó gba ìwé àṣẹ, ọmọ tí kò tíì pé 18 kò gbọdọ̀ dá wakọ̀ láti aago 11 alẹ́ sí aago 5 ìdájí, kò sì gbọdọ̀ gbé ẹni tí kò tó ọdún 20 láìsí àgbà nínú ọkọ̀. Wọ́n mọ̀ pé òru àti ẹgbẹ́ ló máa ń ti ọmọdé sí eré àsápajúdé. Àwa ńkọ́? Alẹ́ òde àríyá gan-an là ń fún un ní kọ́kọ́rọ́, pé kó lọ kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá.

Ọ̀rọ̀ adójútòfò ló wá burú jù. Nígbà tí ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé adójútòfò third party wò jákèjádò orílẹ̀-èdè ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2025, kálukú sáré lọ rà á. ₦15,000 ni fún mọ́tò àdáni, láti ìgbà tí NAICOM, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ adójútòfò, ti gbé e kúrò ní ₦5,000 ní 2023. Mélòó nínú wa ló ka ohun tó wà nínú rẹ̀? Ó wà níbẹ̀ pé ẹni tó ń wakọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Bí ọmọ yín bá gbá mọ́tò ẹlòmíì ní ibùdókọ̀ Cele, ilé-iṣẹ́ adójútòfò lè ní àwọn kò san kọ́bọ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ sanwó fún ẹni tó fara pa, wọ́n lè yíjú padà gbà á lọ́wọ́ yín.

Ẹni tó ń ra third party kó mọ̀ pé ẹlòmíì àti dúkìá rẹ̀ ló ń dáàbò bò, owó dúkìá náà kò sì kọjá ₦3 mílíọ̀nù fún mọ́tò àdáni. Mọ́tò tiyín kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n tún tirẹ̀ náà ṣe, comprehensive ni kó rà, èyí tí NAICOM ní kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 5 nínú 100 iye owó mọ́tò: ₦300,000 lórí mọ́tò ₦6 mílíọ̀nù. Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó sanwó: ta ni ìwé yìí gbà láyè láti wakọ̀?

Wọ́n á ní, “Ọmọ mi mọ mọ́tò wà jù mí lọ.” Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ìmọ̀ ìwakọ̀ kọ́ ló ń gbani nígbà tí tírélà bá yà bàrá lójijì lójú ọ̀nà Apapa sí Oshodi, ìrírí ni.

Wọ́n á ní owó ni ọlọ́pàá ń wá. Àwọn kan ń wá a lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ yín máa gbá ní ibùdókọ̀ kì í ṣe ọlọ́pàá. Ìyá tó ń ti ọjà Aswani bọ̀ ni, kò sì lówó ilé ìwòsàn.

Wọ́n á ní ọmọ orí danfó ń bọ́ ìyá rẹ̀. Kó kọ́ iṣẹ́ náà títí yóò fi gba ìwé àṣẹ. Ojú àánú tí a fi ń wò ó kò tó ẹ̀mí àwọn èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Kí ẹgbẹ́ onímọ́tò ní Oshodi àti Isolo má jẹ́ kí dírẹ́bà tí kò níwèé àṣẹ gbé èrò kankan. Kí kọ́ọ̀tù jẹ́ kí olówó mọ́tò san owó ìtọ́jú ẹni tó fara pa, kó sì san ìtanràn lé e. Ẹ̀yin òbí, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ yín sápò títí ọmọ yóò fi gba ìwé àṣẹ. Ẹni tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kó múra ẹjọ́ sílẹ̀.