Àpótí Ìwé Ìyá Adájọ́



Ní ilé ìkówèésí Schomburg, ní Harlem ní ìlú New York, wọ́n kó àwọn ìwé obìnrin kan pamọ́. Jane Bolin ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1908 ni a bí i. Nígbà tí ó ní òun yóò kọ́ ìmọ̀ òfin, ẹni tí ó yẹ kí ó tọ́ ọ sọ́nà ní ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ dá a lẹ́kun, nítorí pé ó jẹ́ obìnrin, ó sì jẹ́ adúláwọ̀. Kò gbà. Ó gboyè ní Yale ní 1931, nígbà tí ó sì di 1939, ó di obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò jẹ́ adájọ́ ní Amẹ́ríkà.

Ọ̀rọ̀ ìdílé àti ọmọdé ni ó dá ẹjọ́ lé lórí fún nǹkan bí 40 ọdún. Kì í wọ ẹ̀wù adájọ́, kí ẹ̀rù má baà ba àwọn ọmọ. Ọkọ rẹ̀ kú ní 1943, ọmọ wọn ṣì kéré. Síbẹ̀ kò fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sì fi ọmọ sílẹ̀. Ó kú ní 2007, ṣùgbọ́n àwọn ìwé rẹ̀ ṣì ń jẹ́rìí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé wa. Aládùúgbò mi kan fi èrè aṣọ títà san ìdajì owó ilẹ̀ tí òun àti ọkọ rẹ̀ rà. Àárín ìwé ìròyìn àtijọ́ ni ó ki rìsíìtì sí. Ọmọ ọ̀dọ̀ sì fi gbogbo rẹ̀ dáná. Nígbà tí ọkọ kú, tí àwọn ẹbí béèrè ẹ̀rí, omijé nìkan ni ó rí mú jáde. Ilẹ̀ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ wá àpótí onírin tí ó ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ kó ìwé ìgbéyàwó, ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn, ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ yín àti gbogbo rìsíìtì sínú rẹ̀. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí ikán. Ẹ ṣe ẹ̀dà wọn fún ẹni tí ẹ fọkàn tán. Bí ẹ bá sì dáwó sí ohun kan, ẹ rí i pé orúkọ yín wà nínú ìwé rẹ̀. Kì í ṣe àìfọkàntán ọkọ. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀.

Ó di oṣù tí ń bọ̀.