KÍ A TÓ WO ÀRÙN, Ẹ JẸ́ KÍ A MỌ ORÚKỌ RẸ̀

Gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ kókó tí ń sọ lára ènìyàn rí. Kókó lè wà ní ọmú obìnrin méjì, kí ó rí bákan náà lójú, kí ó sì le bákan náà lọ́wọ́. Síbẹ̀ kí ti ọ̀kan jẹ́ èyí tí kò lè pa á lára, kí ti èkejì sì jẹ́ jẹjẹrẹ. Ta ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀ fún wa?

Kì í ṣe aládùúgbò, kì í ṣe ẹni tí ń ta oògùn, bẹ́ẹ̀ ni ojú lásán kò tó fún dókítà oníṣẹ́ abẹ pàápàá. Dókítà kan ń bẹ tí aláìsàn kì í sábà rí, tí à ń pè ní patọ́lọ́jíìsì. Òun ni a ń fi ẹran ara tí a gé ránṣẹ́ sí. A ó ti rẹ ẹran náà sínú fọ́málíìnì kí ó má baà jẹrà. A ó fi ìda dì í, a ó rẹ́ ẹ títí yóò fi fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ, a ó sì pa á láró lórí dígí. Nígbà náà ni dókítà yìí yóò gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù, awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Òun ni yóò sọ bóyá jẹjẹrẹ ni tàbí òun kọ́, irú èyí tí ó jẹ́, àti irú oògùn tí ó lè ràn án.

Ní 1958, Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ní Kampala, kọ̀wé nípa ìwú burúkú kan tí ń yọ ní àgbọ̀n àwọn ọmọdé. Àwọn patọ́lọ́jíìsì ibẹ̀, George O'Conor àti J. N. P. Davies, ni ó yẹ ẹran ara náà wò, tí wọ́n sì fi hàn pé kì í ṣe àrùn egungun, bí kò ṣe jẹjẹrẹ tí ń mú àwọn ọmọ-ogun ara tí ń gbógun ti àìsàn. Irú èyí a máa gbọ́ ti oògùn ju ti ọ̀bẹ lọ. Oògùn ni ó sì ń wo ọ̀pọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ sàn títí di òní. Àwọn ọmọ tiwa náà ń ní in. Ní Ìbàdàn, níbi tí a ti ṣí ilé ìwòsàn ńlá UCH ní 1957, ẹ̀ka patọ́lọ́jì ni ó bẹ̀rẹ̀ ìwé àkọsílẹ̀ àrùn jẹjẹrẹ ní 1960.

Ohun tí ó dùn wá ni pé títí di ìsinsìnyí, a ń gé kókó níbòmíràn, a sì ń sọ ọ́ nù láìyẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ẹlòmíràn ń sọ pé bí abẹ bá kàn án, yóò ràn ká. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Abẹ tí a fi gé díẹ̀ yẹ̀ wò kọ́ ni ó ń pa aláìsàn; àkókò tí a fi ṣòfò ni. Òtítọ́ ni pé owó àyẹ̀wò wọ́n lójú tálákà, ṣùgbọ́n oògùn tí a rà fún àrùn tí a kò mọ̀ wọ́n jù ú lọ.

Nítorí náà, kí oníṣẹ́ abẹ má ṣe sọ ohun tí ó gé nù. Kí aláìsàn béèrè ìwé èsì rẹ̀. Kí ìjọba sì fi owó àyẹ̀wò yìí mọ́ ohun tí yóò máa gbà rù fún aláìní, kí ó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ dókítà ní iṣẹ́ náà, kí ó sì pèsè ohun èlò fún wọn. Àrùn ni à ń wò, a kì í wo ikú. Ṣùgbọ́n àrùn tí a kò mọ̀, báwo ni a ó ṣe wò ó?