Ẹ Gbé Regression Kúrò Lójú Pátákó

Ẹ bi ọmọ SS3 tó ń ṣe Further Maths léèrè bí wọ́n ṣe ń fa line of best fit, yóò fà á fún yín wéré. Ẹ wá bi í pé kí ni slope ìlà náà ń sọ, ẹ ó rí i tí yóò dákẹ́. Kì í ṣe òpè. X àti y lásán la fún un, nọ́ńbà tí kò ní ìlú, tí kò ní ẹni tó kó o jọ. Ó wà nínú sílábọ́ọ̀sì WAEC, ó há a sórí, ó parí.

Èrò tèmi ni pé ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá ń lọ ṣe TP lágbègbè Ìjerò, Àrámọkọ tàbí Ẹ̀fọ̀n kò gbọdọ̀ kọ fọ́múlà kankan kí àwọn ọmọ tó fọwọ́ ara wọn kó dátà. Ìkógòsì wà nítòsí wọn. Gbogbo wa la ti kà á pé omi gbígbóná ibẹ̀ jẹ́ 70°C ní orísun, pé ó di 37°C níbi tó ti pàdé omi tútù. Ìwé kan ń dà á kọ láti inú òmíràn. Àmì méjì péré sì nìyẹn. Ìgbà wo ni ìlà kò ní gba inú àmì méjì kọjá? Kí kíláàsì mú tẹmọ́mítà láti láàbù, kí wọ́n so okùn mọ́ ọn (bí 70 yẹn bá jẹ́ òótọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ dán an wò), kí wọ́n máa wọn omi náà ní mítà méjì-méjì.

Slope á wá di ooru tí omi ń pàdánù ní mítà kọ̀ọ̀kan. Intercept á di ooru orísun, wọ́n á sì fi wé 70 inú ìwé. Ohun tó gbóná máa ń yára tutù níbẹ̀rẹ̀, kó tó wá máa falẹ̀, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí àwọn àmì ìpẹ̀kun méjèèjì wà lókè ìlà, kí ti àárín wà nísàlẹ̀. Ọmọ tó bá rí ìyẹn á béèrè bóyá ìlà tó gún ló yẹ rárá. Àwa mélòó la béèrè bẹ́ẹ̀ kí a tó dé 300 level? Òmíràn á fa ìlà rẹ̀ gùn títí omi á fi di yìnyín nínú igbó Èkìtì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, extrapolation ni wọ́n ń kọ́ yẹn.

Àwọn olùkọ́ á ní sáà kúrú, owó ọkọ̀ sì wọ́n. Òótọ́ ni. Kíláàsì tí kò bá lè dé Ìkógòsì, kó lo ohun tó wà nílé: ní Ẹ̀fọ̀n, kí wọ́n wọn gígùn kòkó kí wọ́n tó là á, kí wọ́n sì ka hóró inú rẹ̀, ní Ìjerò, kí wọ́n fi tépù aránṣọ yí iṣu ká, kí wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n. Francis Galton náà, nínú iṣẹ́ tó gbé jáde ní 1886, gíga àgbàlagbà 928 àti ti òbí wọn ló kó jọ.

Ohun tí n kò ní gbà ni nọ́ńbà tí wọ́n sè. A mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú práṣíkà Physics: wọ́n á kọ́kọ́ fa ìlà, wọ́n á wá máa wá àmì tó bá a mu. Tí a bá ń máàkì, kí ọmọ tí àmì rẹ̀ fọ́n káàkiri, tó sì lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀, gba máàkì ju ẹni tí gbogbo àmì rẹ̀ tò sórí ìlà lọ.