Ọwọ́ Nínú Òkìtì Ọkà: Ta Ni Ń Yẹ Ọṣẹ Wa Wò?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí Ó fi ìmọ́tótó ṣe ìpìlẹ̀ ìrun wa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ó ti di àṣà láàrin wa pé ní ìpàgọ́ àti ní àsìkò wáàsí Ààwẹ̀, a máa ń kọ́ àwọn ọmọ wa bí a ti ń po ọṣẹ olómi àti bílíìṣì, kí wọn lè rí oúnjẹ jẹ láìtọrọ. N kò tako èyí. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó jẹ́ halaali ní ọlá. Ẹjọ́ tí mo ní ni pé pípò nìkan ni a ń kọ́ wọn, a kì í kọ́ wọn ní yíyẹ̀wò. Ọjọ́ méjì péré, ìwé-ẹ̀rí ti dé ọwọ́, ìgò ti dé ọjà.

Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Ànábì wa (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a) pẹ̀lú ọkùnrin tí ń ta ọkà. Òkìtì náà dára lójú, ṣùgbọ́n Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ìka rẹ̀ sì kan omi. Ọkùnrin náà ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í léèrè ìdí tí kò fi gbé èyí tí ó tutù sí òkè kí àwọn ènìyàn lè rí i. Ẹ kíyè sí i: kò ní kí ọlọ́jà búra, kò sì fi ojú wo òkè nìkan. Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú ìgò ọṣẹ, ọwọ́ kò lè mọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Yàrá àyẹ̀wò tí a ń pè ní lábù ni ó dípò ọwọ́ náà fún wa.

Àwọn oníbàárà a máa wí pé ọṣẹ tí ó bá ń hó dáadáa, tí òórùn rẹ̀ sì ń ta sánsán, ni ojúlówó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ásíìdì tí wọ́n ń pè ní sọfóníìkì ni a fi ń po ọ̀pọ̀ ọṣẹ olómi, kọ́sítíìkì sódà ni a sì fi ń pa agbára rẹ̀. Bí kọ́sítíìkì bá pọ̀ jù, ọṣẹ náà á bó ọwọ́. Bí ásíìdì ni ó bá ṣẹ́kù, kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀ méjèèjì ni yóò hó. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí a ń rì bọ inú ọṣẹ, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà, tí a ó sì fi wé àtẹ òǹkà láti 0 dé 14. Omi tí kò ní àdàlù wà ní 7. Bí ọṣẹ bá súnmọ́ 13, iná ni à ń tà fún ìyá ọlọ́mọ. Ní ti ọṣẹ líle, àwọn onímọ̀ a máa yọ́ ọ nínú spírítì (ti lábù ni mo wí o, kì í ṣe ti ẹnu!), wọn a sì kán phenolphthalein sí i, bí ó bá pọ́n bí òdòdó, kọ́sítíìkì kan ṣì wà níbẹ̀ tí kò tíì di ọṣẹ.

Ti bílíìṣì tilẹ̀ burú jù. Oòrùn àti ooru a máa jẹ agbára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú oòrùn gan-an ni a ń tò ó sí. Ní lábù, wọn a da potassium iodide àti ásíìdì pọ̀ mọ́ ọn, yóò pọ́n bí omi tíì. Wọn a wá máa kán sodium thiosulphate sí i ní ẹ̀kán-ẹ̀kán títí tí yóò fi mọ́ gaara. Iye tí wọ́n bá kán ni yóò sọ agbára tí ó kù. Nígbà tí àìsàn onígbáméjì jà ní Èkó ní ọdún 2024, ẹni tí ó bá fi bílíìṣì tí ó ti kú fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ yóò ti rò pé ewu ti kọjá. Ta ni yóò jíhìn rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun?

Ọ̀rọ̀ ìgò kò tilẹ̀ nílò lábù. Kọ́sítíìkì tí a rọ sínú ìgò omi mímu, tí kò ní orúkọ lára, ni ọmọdé ń gbé mu; yóò jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ọ̀nà náà á sì dí tí oúnjẹ kò ní lè kọjá. Ẹ kọ ọ́ sára ìgò bílíìṣì pẹ̀lú pé a kò gbọdọ̀ dà á pọ̀ mọ́ ásíìdì ìfọlé-ìgbọ̀nsẹ̀: gáàsì olóró ni yóò jáde.

Òfin 15 ti ọdún 1993 ni ó dá NAFDAC sílẹ̀, ọṣẹ ìfọṣọ àti kẹ́míkà sì wà lábẹ́ ìṣọ́ rẹ̀. Wọ́n ní lábù ní Òṣòdì. Àwọn kan yóò wí pé owó ìforúkọsílẹ̀ pọ̀ jù fún ẹni tí ń po gálọ́ọ̀nù mẹ́ta. Òtítọ́ ni, n kò sì di ẹ̀bi náà ru ọmọ tí ń wá oúnjẹ. Àwa aṣáájú ni ọ̀rọ̀ kàn. A ní àwọn ọmọ tí ń kọ́ kẹ́místírì ní Yunifásítì, owó tí a fi ń tẹ àsíá ìpàgọ́ sì tó ra ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Ìpàgọ́ tí ó ń bọ̀ yìí ni kí a ti bẹ̀rẹ̀: kí a tó fún ẹnikẹ́ni ní ìwé-ẹ̀rí, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yẹ ọṣẹ tí ó pò wò lójú gbogbo wa.