Ilẹ̀ Là Á Wò Kí A Tó Gbin Nǹkan Sí I

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹgbẹ́, ẹ̀yin ìyá àti baba wa tí ń gbé Kánò, mo mọ̀ pé kí ìwé yìí tó tẹ̀ yín lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti sanwó fún mẹ́rúwà láàárọ̀, tí ó ti ti ọmọlańkẹ́ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà yín, tí ó sì ti ń ka kẹ́ẹ̀gì fún yín. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni.

Inú ìpàdé wa tí ó kọjá ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Àwọn kan dá a lábàá pé kí a tún iwájú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa ṣe, kí a sì gbin koríko tútù sí i láti ẹnu géètì dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, kí ó lè máa tutù lójú bí iwájú ilé àwọn olówó tí a ń rí nínú sinimá. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà kan tilẹ̀ fi òwe tì í lẹ́yìn pé, ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ìpàdé tí ń bọ̀ ni a ó fi ẹnu ọ̀rọ̀ náà jóná. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n wa, mo fẹ́ sọ èrò tèmi kí ọjọ́ náà tó pé. Òwe náà kò ní àbùkù kankan. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni ó sọ pé, ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí a bá ń wo ilé kí a tó sọmọ lórúkọ, ó yẹ kí a wo ilẹ̀ kí a tó gbin nǹkan sí i.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìlú kan tí ó ti gbin irú koríko bẹ́ẹ̀ rí, tí ó sì ti ń fi owó hú u kúrò báyìí. Las Vegas ni orúkọ ìlú náà, ní ìpínlẹ̀ Nevada ní Amẹ́ríkà. Inú aṣálẹ̀ ni ó wà. Òjò tí ń rọ̀ níbẹ̀ láti Oṣù Kìn-ín-ní dé Oṣù Kejìlá kò ju nǹkan bí ìṣì 4 lọ. Ohun ìyanu ni pé ìtumọ̀ orúkọ ìlú náà ní èdè àwọn ará Sípéènì ni pápá koríko, nítorí pé ìsun omi wà níbẹ̀ láyé àtijọ́, koríko sì hù yí i ká. Ní 1905 ni wọ́n dá ìlú náà sílẹ̀. Èrò pọ̀ sí i, wọ́n ń fa omi inú ilẹ̀, títí ìsun náà fi gbẹ ní 1962.

Lónìí, bí a bá pín omi tí ìlú náà ń lò sí ọ̀nà 10, nǹkan bí ọ̀nà 9 ni ó ń wá láti inú odò Colorado, èyí tí wọ́n fi ìsédò Hoover dá dúró ní 1935. Adágún tí ó wà lẹ́yìn ìsédò náà ni a ń pè ní Lake Mead. Kì í ṣe Nevada nìkan ni ó ni omi náà. California ń mu nínú rẹ̀, Arizona ń mu nínú rẹ̀, ìpín ti Nevada ni ó sì kéré jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní Oṣù Keje ọdún 2022, omi adágún náà fà dé ibi tí kò fà dé rí láti ìgbà tí ó ti kún ní àwọn ọdún 1930.

Níbi tí ọgbọ́n wọn wà nìyí, ẹ fi etí sílẹ̀. Omi tí ará Las Vegas bá fi wẹ̀, tàbí tí ó fi fọ abọ́, tàbí tí ó dà sí ṣáláńgá onómi, kò ṣòfò. Páìpù ni ó ń kó o lọ sí ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ di mímọ́, wọ́n a sì dá a padà sínú adágún, kí wọ́n tún lè fà á lò. Ṣùgbọ́n omi tí ó bá wọ́n sórí koríko iwájú ilé rẹ̀, oòrùn àti afẹ́fẹ́ ni ó ń gbà á. Kò padà mọ́. Nígbà tí àwọn aláṣẹ omi rí èyí, wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe inú ilé ni olè wà. Ìta ni ó wà, lábẹ́ ohun tí gbogbo ènìyàn ń yìn.

Wọ́n wọn omi náà fún ọdún mélòó kan. Wọ́n rí i pé koríko tí ó gba ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú àti lóròó ń mu omi gálọ́ọ̀nù 73 lọ́dún. Ilẹ̀ tí a gbin igi àti òdòdó tí ó lè fara da ọ̀gbẹlẹ̀ sí, tí a sì da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìdí wọn, kò mu ju nǹkan bí 17 lọ. Láti 1999 ni àjọ omi ìhà gúúsù Nevada ti ń fún onílé ní owó bí ó bá gbà láti hú koríko rẹ̀, kí ó sì fi igi tí kò gba omi púpọ̀ rọ́pò rẹ̀. Koríko tí wọ́n ti hú báyìí ju 200 mílíọ̀nù ẹsẹ̀ bàtà lọ. Láti 2003, kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ gbin koríko síwájú ilé tuntun. Ní 2021, ìjọba ìpínlẹ̀ náà tún ṣe òfin mìíràn tí ó fi òpin 2026 ṣe gbèdéke: koríko tí kò wúlò, ìyẹn èyí tí ó wà lẹ́bàá títì àti níwájú ilé iṣẹ́, a kò gbọdọ̀ fi omi odò Colorado bomi rin ín mọ́. Òfin náà kò kan ilé tí ìdílé kan ṣoṣo ń gbé, kò sì kan pápá tí ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Èyí tí ó kàn ni koríko tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í kàn, bí kò ṣe ẹsẹ̀ ẹni tí ń gé e.

Èso rẹ̀ ha yọ bí? Ó yọ. Láti 2002, ènìyàn tí ó lé ní 700,000 ni ó ti kún àwọn ará ìhà ibẹ̀, síbẹ̀ omi tí wọ́n ń gbà nínú odò náà ti dín ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé gbogbo rẹ̀ ni ó lọ dédé. Níbòmíràn ní ìlú náà, nígbà tí wọ́n dá omi koríko dúró, igi tí ó wà láàárín koríko náà gbẹ, nítorí pé omi koríko ni igi ti ń jí mu láti ọjọ́ yìí wá. Àwọn ènìyàn sì pariwo pé òjìji ti lọ, ooru ti dé. Òkúta tí kò ní igi lórí dà bí ààrò ni lọ́sàn-án. Ìdí nìyẹn tí àjọ náà kì í fi í sanwó fún ilẹ̀ òkúta lásán. Igi àti òdòdó tí a gbìn gbọ́dọ̀ lè bo ìdajì ilẹ̀ náà bí wọ́n bá dàgbà. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún wa. Igi kì í ṣe ọ̀tá omi. Koríko tí ń fẹ́ omi lójoojúmọ́ ni kí a ṣọ́ra fún.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a padà sí gbọ̀ngàn wa. Bí a bá ní kí koríko náà gba ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 20 níbùú àti 30 lóròó, 600 ni. Bí yóò bá mu bíi ti Las Vegas, omi rẹ̀ lójúmọ́ kan yóò tó kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjìdínlógún. Lóòótọ́, òjò tiwa ju tiwọn lọ fíìfíì, láti Oṣù Kẹfà dé Oṣù Kẹsàn-án a kò ní í bomi rin ín púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí a gé e sí ìdajì: kẹ́ẹ̀gì mẹ́sàn-án lójúmọ́ ni. Ta ni yóò máa san án? Àpò ẹgbẹ́ kan náà tí a fi ń ṣèrànwọ́ fún opó, tí a fi ń gbé òkú wa relé, ni yóò máa san owó mẹ́rúwà fún koríko. Ará Las Vegas rí ẹni fún un lówó kí ó hú koríko rẹ̀; àwa fẹ́ fi owó wa gbìn ín. Àti pé omi tí a bá lò nínú ilé tiwa pàápàá, kò sí páìpù tí ń dá a padà sí Tiga tàbí Challawa.

Ohun kan tún wà. Kí ni a ń fi iwájú gbọ̀ngàn ṣe? Ìsọmọlórúkọ ni, ìgbéyàwó ni, ìpàdé àwọn ìyá ni. A ó ri kánópì mọ́ ọn, a ó to àga sórí rẹ̀, àwọn alásè yóò gbé ìkòkò kaná. Koríko wo ni yóò la ọjọ́ Sátidé mẹ́ta já? Òjìji ni àwa ń fẹ́.

Nítorí náà, ohun tí mo rò pé a lè ṣe nìyí, ní gbọ̀ngàn wa àti nínú ilé kálukú wa.

Èkínní, ẹ gbin igi tí ilẹ̀ yìí ti mọ̀. Dóńgóyárò wà, kò bẹ̀rù ọ̀gbẹlẹ̀. Àjàgbọn wà, máńgòrò wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ọgbà yíká ilé, kí ó fi làálì ṣe é, ìyàwó tuntun yóò rí i lò. Igi tí àwọn onílé wa Hausa ń pè ní zogale, ewé rẹ̀ oúnjẹ ni, kò sì gba omi púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí igi ńlá jìnnà sí ògiri àti kànga.

Èkejì, ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni kí ẹ gbìn ín, kí òjò fúnra rẹ̀ tọ́ ọ. Ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ àti èkejì, ẹ bomi rin ín dáadáa lẹ́ẹ̀kan, kí omi wọlẹ̀ jìn, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Omi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ń kọ́ gbòǹgbò ní ọ̀lẹ, kì í jẹ́ kí ó wá omi lọ sísàlẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ da nǹkan bo ìdí igi, kí oòrùn má bàa fa omi rẹ̀. Èèpo ẹ̀pà kò wọ́n ní Kánò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kan ara igi, nítorí ikán.

Ẹ̀kẹrin, ìrọ̀lẹ́ tàbí ìdájí ni kí ẹ bomi rin nǹkan, ìdí rẹ̀ sì ni kí ẹ da omi sí, kì í ṣe ewé. Ẹni tí ó bá ń gbin ẹ̀fọ́, kí ó ri ìkòkò amọ̀ tí a kò kùn mọ́ àárín ebè, kí ó pọn omi sí i, kí ó sì dé e. Omi yóò máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ sí gbòǹgbò.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má ṣe da omi rere nù. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì, èyí tí a fi ṣan ẹ̀fọ́, àti omi àlùwàlá tí ń ṣàn lọ nígbà márùn-ún lójúmọ́, gbogbo rẹ̀ ni igi lè mu. Omi ọṣẹ, ìdí igi ni kí ó lọ, kì í ṣe orí ẹ̀fọ́. Èyí tí a fi ògùn ìfọṣọ funfun sí, ẹ má dà á sí igi rárá.

Ẹ̀kẹfà, ẹ má ṣe fi sìmẹ́ńtì dí gbogbo àgbàlá pa. Òjò tí kò bá ríbi wọlẹ̀, ilé aládùúgbò ni yóò wọ̀, ilẹ̀ yín yóò sì gbóná títí di ọ̀gànjọ́ òru.

Àbá tí n ó gbé wá sí ìpàdé nìyí: kí a gbin dóńgóyárò méjì àti máńgòrò kan síwájú gbọ̀ngàn, kí a da òkúta wẹ́wẹ́ sí ibi tí àga ń dúró sí, kí a fi làálì ṣọgbà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tí ó sàn jù, kí ó mú un wá, a ó gbọ́. Kí ẹ̀gbọ́n wa sì má bínú: igi náà gan-an ni omi tí a dà síwájú, lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọmọ wa yóò ti tẹ ilẹ̀ tútù.

Mo bá gbogbo ìdílé tí Ọlọ́run fi ọmọ tuntun ta lọ́rẹ lóṣù yìí yọ̀, ẹ ó rí orúkọ wọn lójú ewé tí ó kàn. Mo bẹ̀ wọ́n kí kálukú wọn mú irúgbìn igi kan lọ́wọ́ bí òjò bá dé, kí ọmọ àti igi jọ dàgbà. Àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, kí Ọlọ́run tù wọ́n nínú. Ó dìgbà ìpàdé. Ẹ tètè dé o, kí àga tó tán.